Aṣọ Alápá Gígùn Mẹ́fà

Bí ẹ bá wọ àdúgbò náà tí ẹ béèrè ilé ìyá tó mọ apá aṣọ rán, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ló máa júwe rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé kò mọ ara aṣọ yòókù rán, ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n apá ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aránṣọ mìíràn á gé apá bí ẹni gé ìrọ̀rí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká, kó ṣáà ti wọlé. Ti Ìyá Aránṣọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wọ aṣọ tó rán, ẹ lè nawọ́ mú ẹrù lórí pákó gíga, ẹ lè gbé ọmọ sọ́wọ́, kò ní fà yín lábíyá, kò sì ní dì yín lọ́rùn. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kan náà. Ìwé kejì ló kà kó tó kúrò níléèwé, nítorí náà àwòrán ló ń yà sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ dípò ọ̀rọ̀. Apá kúkúrú, ilà kékeré. Apá gígùn, ilà gbọọrọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà bí kò ṣe òun nìkan, kò sì ṣì í kà rí.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń gbé lọ́nà jíjìn. Ẹ̀kẹta, tí gbogbo ilé ń pè ní Àbígbẹ̀yìn, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì ìlú pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe máa ń mi ìdí rìn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹsẹ̀ í gbé. Ilé búrẹ́dì ni Àbígbẹ̀yìn ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Ọkọ rẹ̀ ń ka mítà omi láti ilé dé ilé. Ẹlẹ́rìn-ín ni àwọn èèyàn sọ ọ́, torí kò sí ẹnu ọ̀nà tó dé tí kì í fi ẹ̀rín wọlé. Ajá tó ń gbó gbogbo ayé kì í gbó o.

Ọdún kẹta sẹ́yìn ni Àbígbẹ̀yìn gbé aṣọ kìn-ín-ní wá. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ń yọ́ bí omi.

“Màámi, ẹ bá mi rán an ní alápá gígùn.”

“Apá gígùn kẹ̀? Nínú ooru yìí? Ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ adájọ́ ni?”

“Ó kàn wù mí ni, Màámi.”

“Ó dáa, Olúwa mi Adájọ́. Na ọwọ́ kí n wọ̀n ọ́.”

“Ẹ lo ìwọ̀n tàtijọ́. Mi ò kúkú sanra sí i.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì lo ìwọ̀n àtijọ́. Ẹni tó ti fi téèpù wọn èèyàn fún ogójì ọdún yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó bá ń yẹra fún téèpù, nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣe oníbàárà. Ojú tí a fi ń wo oníbàárà kọ́ la fi ń wo ọmọ.

Aṣọ kejì dé, ẹ̀kẹta tẹ̀lé e. Apá gígùn ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ náà wá dùn mọ́ Ìyá. Ó dá ọgbọ́n kan sí i: ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú etí apá, ó tún lé bọ́tìnnì méjì sí i, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá tilẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, apá aṣọ náà kò ní yẹ̀ kúrò lọ́rùn ọwọ́. Ó fi han àwọn oníbàárà. “Ẹ fà á wò. Ẹ fà á dáadáa. Ṣé ó lọ síbì kankan?” Wọ́n yìn ín. Òun náà yin ara rẹ̀.

Nígbà tó kan aṣọ kẹrin, tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló gbé e wá.

“Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ yín ń yẹ ìyàwó mi jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé kọ́là èyí sókè díẹ̀, kó bo ọrùn.”

“Kó bo ọrùn tán?”

“Kó bò ó tán, Màámi. Ó máa fún un níyì.”

Nígbà tó lọ tán, Ìyá sọ fún obìnrin tó wá gba aṣọ pé, “Ṣé ẹ rí ọkọ ọmọ mi? Tiyín mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́là?” Obìnrin náà ní tòun kò mọ̀ ju oúnjẹ lọ. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Aṣọ mẹ́fà ló rán fún un báyẹn. Àwọn àgbà sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin gẹ̀rẹ̀jẹ̀ kan já wọ yàrá ìránṣọ, ìyẹ̀fun funfun lójúgun rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, ọ̀gá Àbígbẹ̀yìn.

“Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá Aránṣọ. Ìjà ni mo bá wá.”

“Ẹ jókòó ná. Ìjà ìdúró máa ń ba orúnkún jẹ́.”

Ó jókòó. Àga náà ké. “Ṣé ẹ̀yin lẹ rán àwọn apá aṣọ tí ọmọ yín ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́?”

“Èmi ni,” ni Ìyá wí, ó sì gbé àyà sókè. Ó rò pé obìnrin náà fẹ́ rán tirẹ̀ ni.

“Ẹ kú iṣẹ́. Apá yẹn ti wọnú ìyẹ̀fun mi lẹ́ẹ̀mẹta. Oníbàárà kan bá òwú nínú búrẹ́dì, ó ní ṣé mo ti ń fi aṣọ sí i kó lè pọ̀ ni. Mo ní kí ọmọ yín ká apá sókè bíi ti gbogbo èèyàn. Ó ní òun ò lè ká a. Mo ní ààrò mẹ́ta ló ń jó nínú ilé yìí, àwa yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ra, ìwọ wọṣọ bí ẹni ń lọ síbi òtútù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láti bá a ká a. Ìyá Aránṣọ, ọmọ yín wólẹ̀. Kì í ṣe pé mo tì í o. Ó ká gúlútú sílẹ̀ lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ó fi ọwọ́ bo orí, ó ń sọ pé, ‘Ẹ má bínú, mi ò ní ṣe é mọ́.’ Kí ni kò ní ṣe mọ́? Kò ṣe nǹkan kan.”

Ẹsẹ̀ Ìyá kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó ń gbàgbé ìwúkàrà,” ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Òun tó jẹ́ pé òun ló kọ́ àwọn yòókù. Mi ò lé e. Mi ò sì ní lé e. Mi ò rí ohun tó wà lábẹ́ apá yẹn, ṣùgbọ́n mo ti gbé ilé ọkọ méjì rí, mo sì lójú. Ẹ lọ wo ọmọ yín.”

Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí tí Ẹlẹ́rìn-ín máa ń wà lẹ́nu mítà olómítà, Ìyá wọkọ̀ lọ sí òdìkejì ìlú. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ó bá Àbígbẹ̀yìn níbi tó ti ń fọ abọ́, omi dé ìgbúnwọ́ rẹ̀, apá aṣọ ti ká sókè. Ọmọ náà gbọ́ ẹsẹ̀, ó yíjú, ó sì fi ọwọ́ tó tutù fa apá aṣọ náà sílẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n Ìyá ti rí i. Èyí tó ti pọ́n, èyí tó ti dúdú, èyí tó ti ń di àwọ̀ ìyeyè bí ó ti ń san lọ.

“Ta ni?”

“Ìlẹ̀kùn ni mo fi ọwọ́ gbá, Màámi.”

“Ìlẹ̀kùn kì í ní ìka márùn-ún.”

Àbígbẹ̀yìn fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra sún wálẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ tì í, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kì í gbà fún un. Omi ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ. 

“Màámi, bóyá orí mi ni ò pé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Gbogbo ìgbà ló ń sọ ọ́. Mo máa gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, tí mo bá padà dé, kò ní sí níbẹ̀. Òun á wá yọ ọ́ nínú bàtà mi. Á ní ṣé mo rí i, ṣé mo rí bí mo ṣe ń ṣe. Mo pa iná lábẹ́ ìkòkò, mo mọ̀ pé mo pa á, òun á pè mí wá wò ó pé ó ń jó. Tí ó bá ti gbá mi tán, á máa sunkún, á ní èmi ni mo ń sọ òun di bẹ́ẹ̀, pé ta ló lè máa bá wèrè gbé tí kò ní bínú. Mi ò sùn mọ́, Màámi. Tí ọkọ̀ bá fọn fèrè níta, àyà mi á máa lù títí. Mo máa ń dúró níwájú àwọn àpò ìyẹ̀fun, mi ò ní mọ ohun tí mo wá mú. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ṣáájú aṣọ àkọ́kọ́.”

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rántí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì méjì. Ó rántí ẹnu tó fi ní kí wọ́n fà á wò, ṣé ó lọ síbì kankan. Ó rántí kọ́là. Kò sunkún, torí pé ẹkún tirẹ̀ kọ́ ló kàn.

“Èmi ni mo rán an,” ló wí. “Èmi ni mo bá a bò ó. Dìde, ọmọ mi. Níbo ni àwọn aṣọ Pẹ́pẹ́yẹ wà?”

Kí Ẹlẹ́rìn-ín tó dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe kejì tí Ìyá ṣe. Ó rò pé tí ọmọ bá ti kúrò nínú iná, ìjóná tán. Ó se oúnjẹ, ó tẹ́ ibùsùn, ó ń retí kí ara ọmọ yá lọ́jọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Àbígbẹ̀yìn kò jẹun. Ó ń ti ìlẹ̀kùn, á tún padà lọ wò ó bóyá ó tì í. Bí Ìyá bá ṣèèṣì jẹ́ kí àlùmágàjí já bọ́, ọmọ náà á ta kìjí. Lọ́jọ́ kan ó bá a tó dúró sáàárín yàrá, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kò gbálẹ̀, kò sì jókòó. Ìyá fẹ́ sọ pé, “Ọkùnrin yẹn kò sí níbí, kí lo ń bẹ̀rù?” Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín kó tó dá a dúró. Ó bá gbé ìborùn, ó ní, “Wọ bàtà. A ń lọ sílé ìwòsàn.”

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ ni wọ́n lọ. Àga onípákó ló wà lójúde, àwọn èèyàn sì jókòó síbẹ̀ bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ń já ewé jẹ. Olùkọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó tuntun wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń wò gba orí awò ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ohun gbogbo tán, ó ní kí Àbígbẹ̀yìn bọ́ apá aṣọ sílẹ̀, ó sì ń wo ara rẹ̀, ó ń kọ̀wé. Ó pẹ́ gan-an lẹ́nu ìwé náà.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ òótọ́ fún mi,” ni Àbígbẹ̀yìn wí. “Ṣé orí mi ti dàrú ni?”

“Kò dàrú. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ó ti ń ṣọ́ yín láti ọdún mẹ́ta, bí ọlọ́dẹ tí wọ́n fi sẹ́nu géètì tí wọn ò rán ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́, kò tíì gbà pé ilẹ̀ ti mọ́. Oògùn máa jẹ́ kó sùn. Ọ̀rọ̀ sísọ máa jẹ́ kó gbà pé ilẹ̀ mọ́. Yóò gba àkókò o. Ẹ máa bọ̀ ní gbogbo Túsìdé.”

Gbogbo Túsìdé náà ni wọ́n ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Àbígbẹ̀yìn sùn di àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ jà lórí pé kò fọ eyín, inú Ìyá sì dùn sí ìjà náà bí ẹni gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Àwọn àmì ara rẹ̀ parẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ẹlẹ́rìn-ín fi gba ẹ̀yìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n Ìyá. Ẹ̀gbọ́n náà ni àgbà ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Bàbá Reluwé ni wọ́n ń pè é, nítorí ó fi ọgbọ̀n ọdún yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìntì. Ẹlẹ́rìn-ín sunkún níwájú rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti ya wèrè, pé ilé ìwòsàn wèrè ni ìyá rẹ̀ ń mú un lọ ní bòókẹ́lẹ́, pé tí kò bá ní padà sílé, kí wọ́n gba òun láàyè kí òun mú ọmọ òun, torí wèrè kì í tọ́ ọmọ. Bàbá Reluwé ní kí gbogbo wọn pàdé lọ́jọ́ Sátidé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Fúráìdè, Àbígbẹ̀yìn sọ ohun kan ṣoṣo fún ìyá rẹ̀. “Tí wọ́n bá gba Pẹ́pẹ́yẹ lọ́wọ́ mi, Màámi, màá tẹ̀lé e padà síbẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó dá gbébẹ̀.” Ìyá mọ̀ pé ohun tí ó sọ yẹn ló máa ṣe.

Yàrá ìránṣọ ni wọ́n jókòó sí. Bàbá Reluwé àti Àbígbẹ̀yìn lórí àga, Ìyá lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ ń fi àjákù aṣọ ṣeré nílẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín àti àpò ọmọdé kan tó ṣófo. Gbogbo wọn rí àpò náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà fún.

Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó sọ ti ìkòkò, ó sọ bí ìyàwó òun ṣe ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó ní láti ọdún mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ni orí rẹ̀ ti dàrú. “Bàbá, mi ò bá a jà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kì í lọ sí ilé ìwòsàn wèrè.”

Bàbá Reluwé ń mi orí. Ó wo àbúrò rẹ̀. “Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń lọ síbẹ̀?”

Ìyá ti dìde. Ó ti la ẹnu láti sọ ohun gbogbo, láti ìgbà aṣọ àkọ́kọ́.

“Màámi, ẹ jókòó,” ni Àbígbẹ̀yìn wí. “Èmi ni wọ́n ń bá wí.”

Ìyá jókòó. Àbígbẹ̀yìn kọjú sí Bàbá Reluwé.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mò ń lọ síbẹ̀. Gbogbo Túsìdé, aago mẹ́sàn-án. Mò ń lo oògùn oníhóró kan tí mo bá fẹ́ sùn. Kì í ṣe bòókẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti bi mí, ǹ bá ti sọ fún yín. Ọdún mẹ́ta ló fi lù mí, tó sì ń sọ fún mi pé orí mi ni kò pé. Orí mi wá ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣá lẹ́sẹ̀ ń tiro, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Mò ń gba ìtọ́jú, ara mi sì ń yá.”

“Lù ọ́?” Ẹlẹ́rìn-ín tún rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Bàbá Reluwé. “Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ báyìí? Níbo ni àmì rẹ̀ wà? Kó na ọwọ́ kí ẹ wò ó.”

 Ọwọ́ Àbígbẹ̀yìn mọ́ tónítóní. Ìyá mọ̀ pé gbogbo oṣù tí àmì fi wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ òun ló bò ó, tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ìdílé, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun rí i, àfi òun ìyá, tí wọ́n máa ní ó ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

“Ó wà nínú fáìlì,” ni Àbígbẹ̀yìn wí.

“Fáìlì wo?” ni Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

“Níbi tẹ́ ẹ pè ní ilé ìwòsàn wèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì wọn gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ gígùn rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tó wà. Mẹ́tàdínlógún ni. Dókítà fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ lò ó ni kí n wá gbà á.”

Ìyá náà kò mọ̀ nípa àkọsílẹ̀ yẹn. Òun jókòó sínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, ó rò pé nọ́ọ̀sì kàn ń kọ orúkọ oògùn ni.

Bàbá Reluwé kò mi orí mọ́. Ó ń wo Ẹlẹ́rìn-ín bí ẹni ń wo èrò tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. “Ọkọ wa, o ní láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì lorí rẹ̀ ti dàrú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Pẹ́pẹ́yẹ jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn. Ta lò ń fi í tì tó o bá lọ ka mítà?”

“Ìyá rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n…”

“O fi ọmọ ọdún méjì ti wèrè fún ọdún mẹ́ta.”

“Bàbá, ọ̀rọ̀ mi ò yé yín, ohun tí mo ń sọ ni pé…”

“Kọ́là,” ni Ìyá wí láti ẹnu ẹ̀rọ. “O wá bá mi, o ní kí n gbé kọ́là sókè kó bo ọrùn. Ooru ni. Kí ló wà lọ́rùn ọmọ mi?”

Ẹ̀rín náà lọ kúrò lójú rẹ̀, bí ìgbà tí iná bá kú. Ó dìde sí Àbígbẹ̀yìn, ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà kò gbọ́ rí sì jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ṣé ohun tó o lọ ń rò fún wọn nìyẹn? Mi ò kìlọ̀ fún ẹ?”

Pẹ́pẹ́yẹ kò sunkún. Ó fi àjákù aṣọ sílẹ̀, ó rá pálá wọ abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sì di ojú. Kò yára, kò sì kọsẹ̀. Ó ṣe é bí ọmọ ṣe ń ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Bàbá Reluwé bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó nàró tán, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó mú àpò tó ṣófo náà nílẹ̀, ó gbé e lé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́.

“Máa lọ. Mo fi ọgbọ̀n ọdún mọ ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, mo wá jẹ́ kí ìwọ wọ ọkọ̀ mi. Àbúrò mi, dárí jì mí. Ọmọ mi, ìwọ náà, dárí jì mí.”

“Ó ti tán, Bàbá,” ni Àbígbẹ̀yìn wí. Ó ti wà nílẹ̀, ó ti na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Kò fa ọmọ náà. Ó kàn na ọwọ́ síbẹ̀ títí Pẹ́pẹ́yẹ fi dì í mú. “Ṣùgbọ́n kò parí síbí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mò ń lọ gba fáìlì náà, mò sì ń gbé e lọ sí kóòtù. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yìí ń gbé.”

“Mo máa tẹ̀lé ọ,” ni Bàbá Reluwé wí.

“Ẹ máa bọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ni màá sọ̀rọ̀.”

Òun ló sọ ọ́. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n lọ kí adájọ́ tó dá ẹjọ́. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́rìn-ín má ṣe dé ìtòsí ilé náà, kó máa rí ọmọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba lójú òṣìṣẹ́, kí òun náà sì lọ jókòó síwájú ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ìbínú rẹ̀. Bóyá ó lọ ni o, bóyá kò lọ, ìyẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìdájọ́ náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì tún dé, ó mú búrẹ́dì kan dání. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dún gbì.

“Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun mi báyìí nìyẹn. Èèyàn lè fi mọ ilé. Àbígbẹ̀yìn, ìgbà wo lò ń padà?”

“Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè ṣe odindi ọjọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ariwo páànù. Tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀, ara mi ṣì máa ń gbọ̀n. Ó ń dín kù, kò tíì tán. Ààbọ̀ ọjọ́ ni màá ṣe fún oṣù méjì. Túsìdé, mi ò ní wá rárá, ilé ìwòsàn ni mò ń lọ.”

“Kó jẹ́ oṣù kan.”

“Oṣù méjì, mà.”

“Oṣù kan ààbọ̀. Èmi ni mo wá bá ìyá ẹ o, má gbàgbé.”

“Mi ò gbàgbé, mà. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láyé. Oṣù méjì.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ. “Ìyá Aránṣọ, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín.”

“Ẹ má wò mí,” ni Ìyá wí. “Èmi ò sí nínú ilé yìí.”

“Ó dáa, oṣù méjì. Ẹ̀yin ìyá àtọmọ yìí, ẹ fẹ́ pa mí.”

Wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ wákàtí tí yóò máa dé àti ẹni tó máa bá a gbé páànù. Ìyá tẹ orí mọ́ aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi yìn ín nínú yàrá yìí, lórí èjìká tó jókòó, lórí apá tí kò fà. Kò sí èyí tó dà bí kí ọmọ tí kò lè sọ pé “rárá” fún ọdún mẹ́ta jókòó lórí àga, kó wo ọ̀gá rẹ̀ lójú, kó ní “mi ò tíì lè ṣe é,” kó sì dúró lórí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì sáré. Ibi tí kò yẹ kó rán ló rán, ó rán an jìnnà kó tó mọ̀. Ó tú u, ó tún un rán. Kò dùn ún rárá.